Ṣé Dìgbà Tí Bàbá Sọ́jà Bá Dínà Kó Tó Gbowó?

Àwọn sọ́jà tó ti fẹ̀yìntì tún ti dí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ètò ìṣúná l'Abuja. Ẹ̀kún 32,000 náírà tí ìjọba fọwọ́ sí lórí owó ìfẹ̀yìntì, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù di 70,000 ní 2024, wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Àwọn aláṣẹ tún ti ṣèlérí. A ti gbọ́ irú rẹ̀ rí.

A ti wí i títí lójú ewé yìí pé abala 173 nínú ìwé òfin 1999 kò ní kí ẹnikẹ́ni bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa ṣàtúnyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì lọ́dún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ bá yí padà, èyíkéyìí tó bá ṣáájú. Kí ló wá le níbẹ̀? Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí owó oṣù tuntun ló yẹ kí wọ́n ti ṣírò ti àwọn arúgbó yìí mọ́ ọn.

Ọmọ ọdún 18 tó bá ọ̀gágun Benjamin Adekunle wọ Bonny nígbà ogun Biafra ní 1967 ti lé lẹ́ni ọdún 75. Òun náà ni wọ́n ń ní kó kó ìwé wá, kó wá tò sórí ìlà, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò tíì kú. Ṣé àwọn ológun kò ní àkọsílẹ̀ ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ni? Wọn ò kúkú dá ẹnikẹ́ni padà nítorí ìwé nígbà tí wọ́n ń kó wọn lọ sójú ogun!

Ti àwọn tó jà ní òdìkejì, níhà Biafra, tún burú ju èyí lọ. Nígbà tí ogun parí, Gowon, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, ní kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun; síbẹ̀, 2000 ni Obasanjo tó sọ lílé tí wọ́n lé àwọn ọmọ ogun tó jà fún Biafra níṣẹ́ di ìfẹ̀yìntì. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ wọn dúró di 2017, láyé Buhari, kí owó tó kàn wọ́n. Mélòó ló kù láyé gbà á? Ní Oji River, ní ìpínlẹ̀ Enugu, ẹ̀gbẹ́ títì ni àwọn tí ogun sọ di aláàbọ̀ ara ti ṣagbe fún ọ̀pọ̀ ọdún, lórí kẹ̀kẹ́ arọ.

Kí Ààrẹ Tinubu pàṣẹ kí wọ́n san ẹ̀kún owó náà, àti gbogbo gbèsè tó ti sùn sẹ́yìn, kó tó fi báàjì ìrántí sáyà fún ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun.