Ta Ló Gbé Iwin Gun Orí Notre-Dame?

Fọ́tò náà kì í wọ́n lórí WhatsApp: ẹ̀dá abìwo kan tó ní ìyẹ́ apá, ó káwọ́ lẹ́rán, ó yọ ahọ́n síta, ó ń wo ìlú Paris nísàlẹ̀ láti òkè ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame. Bí àwọn kan bá rí i, wọ́n á ní àwọn ará àtijọ́ ló gbé e síbẹ̀ ní 800 ọdún sẹ́yìn láti máa lé ẹ̀mí àìmọ́. Àwọn mìíràn, tí ọ̀rọ̀ ìjọ Àgùdà tètè máa ń bí nínú, á ní ẹ ò rí nǹkan, òrìṣà ni wọ́n ń bọ níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Irọ́ ni méjèèjì. Ère yẹn kò tíì pé 200 ọdún.

Ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ti pẹ́, a ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn. Ọdún 1163 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nígbà bíṣọ́ọ̀bù Maurice de Sully, lọ́nà ìkọ́lé tí wọ́n ń pè ní Gothic. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1250, ilé agogo méjèèjì iwájú rẹ̀ ti dúró, gíga wọn sì jẹ́ mítà 69. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gun òkè yẹn lọ́dún 1800 kò ní bá abìwo kankan tó káwọ́ lẹ́rán.

Bí ilé náà ṣe bàjẹ́ ló fà á. Nígbà tí ará ìlú dìde sí ọba lọ́dún 1789, ṣọ́ọ̀ṣì náà fara gbá nínú rẹ̀. Wọ́n kó àwọn agogo rẹ̀ lọ yọ́. Emmanuel, agogo ràgàjì tó ju tọ́ọ̀nù 13 lọ, nìkan ló yè é. Lọ́dún 1793 wọ́n gé orí àwọn ère ọba 28 tó tò síwájú ilé, torí wọ́n rò pé àwọn ọba Faransé ni. Àwọn ọba Júdà inú Bíbélì ni o! Kí wá ni Dáfídì fi ará Paris ṣe? Ó di 1831 kí Victor Hugo tó gbé ìtàn Quasimodo jáde, abuké tó ń lu agogo Notre-Dame, àwọn èèyàn sì kà á débi pé ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìlú nítorí ahoro tí ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún fẹ́ dà. Lọ́dún 1844, ìjọba gbé àtúnṣe rẹ̀ lé ayàwòrán ilé méjì lọ́wọ́, Jean-Baptiste Lassus àti Eugène Viollet-le-Duc. Lassus kú lọ́dún 1857, ẹnì kejì rẹ̀ ló bá iṣẹ́ náà dé 1864.

Viollet-le-Duc kì í ṣe ẹni tó kàn ń dí ibi tó là. Ohun tí òun rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀ ló ń yà. Òun ló ya àwọn ẹ̀dá abàmì 54 tó wà létí òkè náà, àwọn agbẹ́kùúta sì gbẹ́ wọn. Kò sí pẹpẹ lọ́dọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ fún wọn. Abìwo wa yìí, tí wọ́n ń pè ní Stryge, ni ayàwòrán Charles Méryon yà lọ́dún 1853. Àwòrán yẹn wà lára ohun tó sọ ọ́ di arúgbó lójú ayé, bẹ́ẹ̀ òkúta tuntun ni nígbà náà.

Ohun tó máa ń da èèyàn lójú rú ni pé àwọn ará àtijọ́ náà gbẹ́ ẹranko abàmì sára ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ iṣẹ́ ni wọ́n gbà wọ́n sí. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni wọ́n. Ẹ̀yìn ẹranko náà ní ojú àgbàrá, omi òjò á ti orí òrùlé wá, á gba ibẹ̀, á sì tú jáde lẹ́nu rẹ̀ jìnnà sí ògiri, kó má baà jẹ amọ̀ tí wọ́n fi mọ òkúta pọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn Stryge: kò sí ojú omi kankan. Ó kàn jókòó ni. Àwọn ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ àtijọ́ pàápàá ti jẹrà tipẹ́. Èyí tó pọ̀ jù lára èyí tí ẹ máa rí lónìí, àtúnṣe yẹn ló gbé wọn padà wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òpó ṣóńṣó orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì náà tó wó lulẹ̀ nínú iná ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2019. Àwọn èèyàn sunkún pé ohun 800 ọdún ti lọ, bẹ́ẹ̀ Viollet-le-Duc ló kọ́ ọ. Wọ́n ti tú ti àtijọ́ kalẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Iná ọ̀hún wọ ilé agogo ti àríwá, àwọn panápaná ló gùn ún lọ pa á. Èmi ò ní pe iṣẹ́ ọkùnrin yìí ní ayédèrú o, ó dára lójú mi. Ọjọ́ orí tí wọ́n ń bù kún un ni mò ń bá wọn fà.

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni wọ́n ti ṣí ilé agogo náà padà fún àlejò. Ọ̀fẹ́ ni inú ṣọ́ọ̀ṣì, òkè ni wọ́n ń gbowó. Àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ 424, ẹ má sì retí lífíìtì. Àwọn ère ọba tó wà níwájú ilé báyìí náà jẹ́ ti ìgbà àtúnṣe. Lọ́dún 1977 ni wọ́n hú 21 nínú orí tí wọ́n gé nígbà yẹn jáde nílẹ̀, wọ́n sì wà ní Musée de Cluny, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ lódìkejì odò. Àwọn yẹn ni ará àtijọ́ gbẹ́.