Tòlótòló Ọdún 1621: Bí Wọ́n Ṣe Hun Ìtàn Ọjọ́ Ìdúpẹ́ Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Amẹ́ríkà ni ọmọ wa ti dé fìlà bébà wálé láti ilé ìwé nínú oṣù Kọkànlá, tí ó sì ń ròyìn fún wa pé ní ọdún 1621, àwọn òyìnbó onígbàgbọ́ tí wọ́n ń pè ní Pilgrim ránṣẹ́ pe àwọn onílẹ̀ wá jẹ tòlótòló ní Plymouth, ní Massachusetts, pé wọ́n jọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àti pé láti ọjọ́ náà ni Amẹ́ríkà ti ń ṣe Ọjọ́ Ìdúpẹ́ lọ́dọọdún láì fo ọdún kan. Ìtàn náà dùn létí, kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan ló gbà á gbọ́. Òótọ́ kan wà nínú rẹ̀: àwọn ènìyàn ṣe àsè ní Plymouth nígbà ìkórè ọdún náà. Ìyókù, ó lé ní igba ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó hun ún.

Ẹni tó wà níbẹ̀ tó sì kọ ọ̀rọ̀ àsè náà sílẹ̀ ni Edward Winslow, ọ̀kan nínú àwọn Pilgrim, nínú lẹ́tà ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1621, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1622. Ohun tó sọ kò kún ojú ewé kan. Ó ní nígbà tí àwọn kórè tán, gómìnà rán ọkùnrin mẹ́rin lọ pa ẹyẹ, pé ohun tí wọ́n pa lọ́jọ́ kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àwọn jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, pé àwọn ń yìnbọn ṣeré, àti pé Massasoit, olórí àwọn Wampanoag tí wọ́n ni ilẹ̀ náà, dé pẹ̀lú nǹkan bí 90 ọkùnrin, wọ́n jọ ṣe àsè fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn Wampanoag sì lọ pa àgbọ̀nrín márùn-ún wá. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè wọ́n, kò pe àsè náà ní ìdúpẹ́, kò sì dárúkọ tòlótòló. Ẹ tún wo iye ènìyàn náà dáadáa. Nínú 102 tí ọkọ̀ ojú omi Mayflower gbé wá, nǹkan bí ìdajì ti kú nígbà òtútù àkọ́kọ́, tó fi jẹ́ pé àwọn tí ìtàn ń pè ní àlejò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àwọn tó pè ní olùgbàlejò. Orí ilẹ̀ ta ni wọ́n sì wà ná?

Ohun tí àwọn ẹlẹ́sìn yìí fúnra wọn ń pè ní ọjọ́ ìdúpẹ́ yàtọ̀ pátápátá sí àríyá. Ọjọ́ àdúrà àti ìwàásù ni, tí alága ìlú àti ìjọ máa ń kéde nígbà tí Ọlọ́run bá ṣe ohun kan pàtó fún wọn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń gba ìdúpẹ́ pàtàkì nínú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn tí a bá bọ́ nínú ewu. Irú èyí wáyé ní Plymouth ní ọdún 1623, nígbà tí òjò rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá gígùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ìdúpẹ́ tó yẹ ní orúkọ náà, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń fi bébà ṣe fìlà nítorí rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, William Bradford, tí í ṣe gómìnà nígbà náà, kọ ọ́ pé tòlótòló igbó pọ̀ lákòókò yẹn, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n pẹ́pẹ́yẹ igbó náà lè jẹ́ ẹyẹ tí wọ́n pa. Elégédé wà, àmọ́ páì elégédé kò sí, nítorí kò sí ìyẹ̀fun àlìkámà àti bọ́tà tí wọn ìbá fi ṣe é. Pòtétò kò tíì dé àgbègbè náà. Èso cranberry wà nínú àbàtà, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ aládùn tí wọ́n ń fi ṣúgà sè láti ara rẹ̀ kò tíì sí. Àgbàdo, tí àwọn Wampanoag kọ́ wọn láti gbìn, ló dájú.

Níbo wá ni ìtàn náà ti jáde? Ní ọdún 1841, Alexander Young tún lẹ́tà Winslow tẹ̀ jáde ní Boston, ó sì kọ àlàyé kékeré sí ìsàlẹ̀ ojú ewé pé ìdúpẹ́ àkọ́kọ́ ti New England, àgbègbè tí Plymouth wà, nìyẹn. Gbólóhùn ìsàlẹ̀ ojú ewé yẹn ni gbogbo fìlà bébà náà gùn lé. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọjọ́ náà di ti gbogbo orílẹ̀-èdè ni Sarah Josepha Hale, opó ọlọ́mọ márùn-ún láti New Hampshire, tó di olóòtú Godey's Lady's Book, ìwé ìròyìn àwọn obìnrin tó lókìkí jù lọ láyé ìgbà náà. Nínú ìwé ìtàn àròsọ tó kọ ní ọdún 1827, ó ti ṣàpèjúwe tábìlì ìdúpẹ́ ìdílé kan ní New England, tí tòlótòló sísun gba ipò iwájú, tí páì elégédé kò sì gbẹ́yìn. Ọdún gbọọrọ ló fi ń kọ̀wé sí àwọn gómìnà àti àwọn ààrẹ pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Abraham Lincoln ló gbọ́ tirẹ̀. Hale kọ̀wé sí i ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1863; ìkéde Lincoln jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, ó sì mú Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kọkànlá. Ogun abélé ń jà lọ́wọ́ nígbà náà. Ẹni tó bá ka ìkéde náà yóò rí ọ̀rọ̀ oko, ohun àlùmọ́nì, àwọn opó àti àwọn ọmọ òrukàn ogun. Kò ní rí Plymouth, kò sì ní rí Pilgrim. George Washington ti kéde ọjọ́ ìdúpẹ́ kan ṣáájú ní ọdún 1789, ṣùgbọ́n Thomas Jefferson kọ̀ jálẹ̀ láti kéde ọ̀kankan nígbà tó jẹ́ ààrẹ, nítorí náà ọ̀rọ̀ "láì fo ọdún kan" kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ọjọ́ náà kò tilẹ̀ dúró lójú kan. Ní ọdún 1939, Ọjọ́bọ̀ márùn-ún ló wà nínú oṣù Kọkànlá, àwọn oníṣòwò sì ń ráhùn pé àkókò ìrajà Kérésìmesì yóò kúrú. Ààrẹ Franklin Roosevelt mú un wá ṣáájú ní ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ìpínlẹ̀ kan tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn fàáké kọ́rí, àwọn ẹbí tó wà ní ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì jẹun lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òfin ọdún 1941 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sí Ọjọ́bọ̀ kẹrin.

Ibi tí ìtàn fìlà bébà ti ń dùn mí jù ni ohun tó fi pamọ́. Metacom, ọmọ Massasoit yẹn gan-an, bá àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó jẹ àsè náà jagun láti ọdún 1675; nígbà tí wọ́n pa á ní ọdún 1676, wọ́n fi orí rẹ̀ kọ́ orí òpó ní Plymouth, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ní ọdún 1970, wọ́n pe Wamsutta Frank James, ọmọ Wampanoag, pé kí ó wá sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ 350 ọdún tí Mayflower gúnlẹ̀. Nígbà tí àwọn olùṣètò ka ohun tó fẹ́ sọ, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ péjọ sórí Cole's Hill ní Plymouth lọ́jọ́ ìdúpẹ́ náà, wọ́n pè é ní ọjọ́ ọ̀fọ̀, àwọn ènìyàn sì ń péjọ síbẹ̀ títí dòní lọ́dọọdún.

Àwọn kan nínú wa a máa rò pé inú Ọjọ́ Ìdúpẹ́ Amẹ́ríkà ni Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa náà ti ṣẹ̀. Rárá o. Ọ̀dọ̀ àwọn Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti gba irú ìsìn yẹn, níbi tí àlùfáà Robert Hawker ti sọ ọ́ di gbajúgbajà láti ọdún 1843 ní Morwenstow, ní Cornwall. Ọdún ìjẹṣu sì ti wà nílé wa kí ìsìn yẹn tó dé.

Mo sọ gbogbo èyí nítorí àríyànjiyàn kan tí kì í tán nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Maryland. Tòlótòló tiwa kì í wọ inú ààrò lódindi. A máa ń gé e, a ó fi àlùbọ́sà àti tàímù bọ̀ ọ́, a ó dín in, a ó sì yí i nínú ata dídín títí yóò fi pọ́n, a ó wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jóná díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wa a máa sọ lọ́dọọdún pé èyí kì í ṣe ojúlówó. Ní ọdún tó kọjá, mo bi í pé ṣé ó mú àgbọ̀nrín márùn-ún wá, nítorí ẹran tí Winslow dárúkọ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì na àwo rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n bá òun fi ìsàlẹ̀ ìkòkò kún un.