Ẹ yéé fi ọ̀kadà wọn iṣẹ́ ọnọrébù

Tí ọdún bá ti ń parí lọ báyìí, ẹ ṣáà ṣí Facebook, ẹ máa rí i. Ọ̀kadà tuntun tí wọ́n tò sójú pápá iléèwé, fọ́tò ọnọrébù, aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, lára táǹkì ọ̀kọ̀ọ̀kan, máṣíìnì ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìrẹsì nínú ọ̀rá tí wọ́n tẹ orúkọ ẹ̀ sí gàdàgbà, àwọn ìyá tó wọ aṣọ páátì ń jó. Wọ́n á ní ọnọrébù ń ṣiṣẹ́, ọnọrébù ò gbàgbé ilé, kó tún padà lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Láwọn ẹkùn ìdìbò tó wà ní oko, ní Ìbàràpá àti Òkè-Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni ariwo yìí ti ń pọ̀ jù.

Iṣẹ́ wo ló ṣe gan-an? Iṣẹ́ tí ìwé òfin 1999 gbé lé aṣojú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ ò ní ọ̀kadà nínú o. Kó ṣòfin, kó yẹ bọ́jẹ́ẹ̀tì gómìnà wò fínnífínní, kó sì pe ẹni tó ń náwó ìjọba wá síwájú ilé kó wá sọ bó ṣe ná an. Ó tán. Ohun tí àwa ń sọ ni pé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọ̀nyí ló yẹ kí wọ́n máa kó wá sílé fún wa, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹni tó ti oko wá ò lè ní ohùn n'Ìbàdàn. Ẹ wo Ìlà-Oòrùn Ìbàràpá, Èrúwà àti Lànlátẹ̀, ibi tí ẹ̀gẹ́ ti pọ̀ ju ilé alájà lọ. Michael Adéyẹmọ tó ń ṣojú wọn ni Abẹnugan, ìyẹn olórí ilé aṣòfin Ọ̀yọ́, nígbà tó kú lójijì ní April 2018, wọ́n dìbò mìíràn ní June ọdún yẹn, Adébọ̀ Ògúndóyìn wọlé, nígbà tó di June 2019 òun náà di Abẹnugan lẹ́ni ọdún 32, wọ́n tún yàn án ní 2023, ó sì tún di alága gbogbo Abẹnugan ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹkùn ìdìbò kan ṣoṣo nìyẹn, nínú ilé tó ní èèyàn 32, Abẹnugan méjì ló sì ti ibẹ̀ jáde.

2019 yẹn kan náà ni ilé yìí ṣe òfin tó ní kí wọ́n yéé da màlúù kiri inú oko olóko ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, gómìnà sì buwọ́ lù ú. Ẹ bi àgbẹ̀ tí màlúù ti jẹ ẹ̀gẹ́ ọdún kan gbáko tán mọ́ lójú, ẹ bi í bóyá ọ̀kadà ló fẹ́ ni tàbí irú òfin yẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bá a débi tó yẹ kó dé. Ní June 2021, lóru, àwọn agbébọn wọ Ìgangan ní Àríwá Ìbàràpá, wọ́n pa èèyàn, wọ́n dáná sun ilé, títí kan ààfin ọba. Òfin ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn o. Ta ló yẹ kó máa béèrè láti 2019 pé àwọn wo ló ń mú òfin yìí ṣẹ, mélòó ni wọ́n, owó wo ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣé wọ́n tiẹ̀ ní ọkọ̀ tó lè gba ọ̀nà oko? Aṣojú ni, ìbéèrè báyẹn ni iṣẹ́ ẹ̀, ẹni tó bá sì lọ béèrè ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá n'Ìbàdàn lè má ní fọ́tò kankan tó máa gbé sórí Facebook.

Ká sòótọ́, àwa ará ilé náà la ń bà wọ́n jẹ́. Ẹ lọ jókòó sí iwájú ilé ọnọrébù láàárọ̀ Sátidé. Kí ọkùnrin náà tó fọ eyín, èèyàn ti kún bẹ́ǹṣì. Ẹni kan mú ríṣíìtì ọsibítù wá, ìyá kan ní iléèwé ti lé ọmọ òun nítorí owó iléèwé, àwọn ọ̀dọ́ páátì fẹ́ owó epo, baálẹ̀ kan rán ọmọ wá pé tiransifọ́mà ti jó, káàdì ìgbéyàwó mẹ́ta wà lórí tábìlì. Ó ti ná owó lórí fọ́ọ̀mù ìdíje, ó ti ná a lórí àwọn délígéètì tó ń dìbò abẹ́lé páátì, ó tún ń ná an lórí wa, owó oṣù ò sì lè gbé gbogbo ìyẹn. Ibo ló máa yà sí? Ọ̀dọ̀ gómìnà náà ni. Ẹni tó bá sì lọ tọrọ lọ́wọ́ gómìnà lálẹ́, ṣé ọjọ́ kejì ló máa wá yẹ bọ́jẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wò ní gbangba? Ó di àfi kó máa ní "mo fara mọ́ ọn, mo fara mọ́ ọn" títí ọdún mẹ́rin á fi pé.

Òfin ti wà láti 2018 pé kí owó ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ máa wọlé tààrà láì gba ọwọ́ gómìnà, síbẹ̀ ní 2021 àwọn òṣìṣẹ́ ilé aṣòfin ní láti ti gèètì pa káàkiri Nàìjíríà fún oṣù méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó dá wọn lóhùn. Aṣojú wo ló wá sílé wá ṣàlàyé ìjà yẹn fún wa?

Nígbà tí àwọn aṣòfin fẹ́ yọ Ládọjà, gómìnà Ọ̀yọ́ ìgbà náà, ní January 2006, 18 nínú 32 ló ṣe é, òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, iye yẹn ò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta tí òfin fẹ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì dá ọkùnrin náà padà sórí àga lóṣù December ọdún yẹn. Àwọn tó rán wọn níṣẹ́ ò rán wọn níyẹn, rédíò ni púpọ̀ wọn ti gbọ́ ọ bí gbogbo ayé.

Nítorí náà, kí ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan máa gbé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn jáde lóṣooṣù, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri sẹkitéríà ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ta ló wá, ta ni ò wá, àbá wo ni ta dá, ibo ni ta dìbò sí. Òfin ní kí wọ́n jókòó ó kéré tán ọjọ́ 181 lọ́dún, kí a mọ iye ọjọ́ tí tiwa wà níbẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ọ́ ní Yorùbá. Abala 97 nínú ìwé òfin sọ pé ilé lè fi èdè ìpínlẹ̀ náà ṣe iṣẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bá ti fẹnu kò lé e, Èkó ti ń fi Yorùbá jókòó láwọn ọjọ́ kan, wọn ò kú. Kò gba owó lọ́wọ́ gómìnà, kò gba àṣẹ Àbújá, kí ẹnì kan ṣáà dìde ní ọjọ́ tí wọ́n bá tún jókòó, kó dá àbá ẹ̀, kí ẹlòmíì tì í lẹ́yìn.