Ìjókòó kẹ̀kẹ́ tó rọ̀ jù ló ń fìyà jẹ ìdí

Ẹ lọ bá àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ n'Íbàdàn, ẹ ní ìdí ń dùn yín. Ìjókòó tí fóòmù kún inú rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ nà sí yín. Wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: "Ẹ wo bó ṣe rọ̀!" Gbogbo wa la sì gbà pé èyí tó bá rọ̀ jù ló tura jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Eegun méjì ló wà nísàlẹ̀ ìdí tá a fi ń jókòó. Lórí fóòmù tó rọ̀ jù, àwọn eegun yẹn á rì wọlé, fóòmù àárín á ru sókè, á wá máa tẹ ibi tí kò yẹ kí nǹkan kan tẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gùn ún láti Mọ́kọ́lá dé Òjòó, abẹ́ á ti kú.

Ìjókòó aláwọ, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Brooks ti ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò ní fóòmù kankan. Awọ tó nípọn ni, wọ́n nà án gbọnrangandan bí awọ ìlù, wọ́n sì kàn án mọ́ irin níwájú àti lẹ́yìn. Ó le lóòótọ́ nígbà tó bá ṣì tuntun. Tó bá yá, ẹ ó rí ojú méjì tó jìn wọlé díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀: eegun yín ló gbẹ́ ẹ.

Bẹ́ ẹ ṣe ń jókòó ló kù. Ẹni tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ga, tó ń nàró gùn ún lọ sọ́jà, ìdí ló ru gbogbo ẹrù. Kó ra èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 21, bíi èyí tí Brooks ń pè ní B67, tó ní sípíríǹgì. Ẹ ṣáà mọ kòtò ọ̀nà wa. Ẹni tó bá tẹ̀ díẹ̀ síwájú, B17 tiwọn tó fẹ̀ tó 17.5 bá a mu. Ẹni tó ń dojú bolẹ̀ sáré, bíi 15 tàbí 16 ti tó o. Èyí tó fẹ̀ á kàn máa ha á nítan ni.

Kẹ́ ẹ lè mọ bí àárín eegun méjèèjì yẹn ṣe fẹ̀ tó, ẹ gbé páálí sórí bẹ́ǹṣì, ẹ jókòó lé e, ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ dìde. Ẹ wọn àárín ojú méjì tó bá tẹ̀ wọlé. Ìjókòó gbọdọ̀ fẹ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa, kí eegun má baà bọ́ sórí etí irin.

Tójò bá ń bọ̀, ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó. Tó bá sì rẹ, ibòji ni kẹ́ ẹ ti jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má bu epo sí i kó lè tètè rọ̀ o: awọ tó bá mu epo yó á wọ́ sílẹ̀, nọ́ọ̀tì tó wà lábẹ́ imú rẹ̀, ìyẹn ṣóńṣó iwájú ìjókòó, ò sì ní lè fà á le mọ́.