Ẹ jẹ́ kí yunifásítì ìjọba náà lè kọ ìbọn

Nígbà tí òfin tó gba ìbọn láyè nínú ọgbà yunifásítì ń bọ̀ ní Texas, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Houston ṣe ìpàdé lé e lórí ní oṣù kejì ọdún 2016. Ìmọ̀ràn tí wọ́n gbé sójú pátákó níbẹ̀ ṣì ń kọ wá lóminú: ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ń kọ́ni ní ohun tó lè bí èèyàn nínú, ẹ lè yọ àwọn àkòrí kan kúrò pátápátá, ẹ má ṣí ọ́fíìsì yín sílẹ̀ gbayawu, kí ẹni tó bá fẹ́ rí yín kọ́kọ́ gba àyè. Àwọn aláṣẹ ní èyí kì í ṣe ìlànà ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ẹ̀rù ti ń bà kò nílò ìlànà kó tó panu mọ́.

Ọdún 2015 ni Gómìnà Greg Abbott buwọ́ lu òfin náà. Ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ ìbọn lè fi ìbọn ìléwọ́ pamọ́ sára wọ kíláàsì. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún 2016 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọjọ́ náà gan-an tó pé àádọ́ta ọdún tí Charles Whitman gun ilé gogoro Yunifásítì Texas ní Austin, tó ń yìnbọn pa àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ó jọ pé ẹni tó mú ọjọ́ kò wo kàlẹ́ńdà.

Àwọn tó ṣòfin náà ní ẹni tó ní ìbọn lọ́wọ́ lè gba ara rẹ̀ là kí ọlọ́pàá tó dé. A ò fojú kéré ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ní kí yunifásítì aládàáni ṣe èyí tó bá wù ú. Baylor kọ̀. Rice kọ̀. Southern Methodist (SMU) àti Texas Christian (TCU) náà kọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi ni Baylor, ní Waco, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń bú ìbọn. Tó bá jẹ́ ààbò ni òfin yìí gbé wá, kí ló dé tí àwọn tó láǹfààní láti kọ̀ ọ́ fi kọ̀ ọ́?

Wọn ò tiẹ̀ bi àwọn ti ìjọba. William McRaven, ọ̀gágun ojú omi tó darí iṣẹ́ tí wọ́n fi pa Osama bin Laden, ni olórí gbogbo àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ Yunifásítì Texas nígbà náà. Ó kìlọ̀ fún àwọn aṣòfin, wọn ò gbọ́. Yunifásítì Texas ní Austin ní kí ọta má wà lẹ́nu ìbọn tó bá wọ ọgbà. Ìgbìmọ̀ alábòójútó fagi lé ìyẹn náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ìbọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣèèṣì dún nínú ilé gbígbé ní Yunifásítì Tarleton State. Orí ló kó wọn yọ.

Ẹ̀yin òbí Yorùbá tó wà ní Houston, ọ̀pọ̀ yín kò gbàgbé oṣù keje 1999 ní Ifẹ̀, nígbà tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Ọ̀daràn ni tiwọn, ti Texas níwèé àṣẹ. A ò ní pè wọ́n ní ọ̀kan náà. Ohun tí à ń béèrè ni pé kí wọ́n fún yunifásítì ìjọba ní ẹ̀tọ́ tí wọ́n fún Baylor. Tí aṣojú yín bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í pé kí ló dé tí ọmọ tó wà ní Rice fi lè jókòó sí kíláàsì tí òfin kò gba ìbọn láyè, tí èyí tó wà ní Yunifásítì Houston, nílùú kan náà, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.