40.012 àbí 40.037? Èwo ni ká gbà gbọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ó sú mi débi pé oúnjẹ alẹ́ ò lọ lọ́fun. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi CMM (ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní próòbù kan irin, tí kọ̀ǹpútà á sì ṣírò ìwọ̀n rẹ̀) wọn irin jẹun, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ti gbé próòbù kan ojú kìíní, ẹ ti gbé e kan ojú kejì, ẹ wá ní kí sọ́fítíwìà sọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó. Nọ́ńbà kan yọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú kejì, nọ́ńbà mìíràn yọ. Irin kan náà o! Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án láàárín méjì!

Lánàá ló bú lọ́wọ́ tiwa, ní Birmingham níbí. Búrákẹ́ẹ̀tì alumíníọ́mù kan ni. Ojú rẹ̀ kan gùn tó 200 mm. Èyí tó kọjú sí i ò ju 30 mm lọ, ìpẹ̀kun lápá kan ló sì wà. Àwòrán ní kí àárín wọn jẹ́ 40 mm, àyè 0.02 lókè, 0.02 nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló gé e. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yìí mọ́ ju ti gbogbo wa lọ. Kó tó tú irin náà kúrò lórí máṣíìnì, ó ti fi maikirómítà, irinṣẹ́ ọwọ́ tó ń há irin láti ojú méjèèjì, wọ̀n ọ́n yí ká: ibi tó kéré jù, 40.008, ibi tó pọ̀ jù, 40.017. Ó wà nínú àyè, kò sí àríyànjiyàn.

Ẹni tó wà nídìí CMM lóru fi ojú kékeré ṣe ìpìlẹ̀, ó wá wọn ojú ńlá láti ibẹ̀. Ìwé jáde: 40.037. Pupa, kò gbà. Irin méjìlá wọ àpótí tí wọ́n ń kó ìbàjẹ́ sí. Ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ò béèrè nǹkan kan, ó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Àgbàlagbà!

Mo dé láàárọ̀, mo bá a lórí ìjókòó, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó ní, "Àbúrò, ìwọ lo mọ ẹ̀rọ yẹn. Bá mi bi í, kí ni mo ṣe é?"

Mo gbé irin àkọ́kọ́ padà. Mi ò tún un wọ̀n rárá, àwọn ojúàmì òru náà ni mo lò. Mo kàn fi ojú ńlá ṣe ìpìlẹ̀, mo wọn ojú kékeré láti ibẹ̀. 40.012. Ó gbà! Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo rí i.

Ojú kékeré yẹn fi micron 9 (ẹgbẹ̀rún micron ló wà nínú mm kan) yẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Irin wo ni wọ́n gé láyé tí kì í yẹ̀ díẹ̀? Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ṣe ìpìlẹ̀, sọ́fítíwìà á nà án lọ títí á fi dé ọ̀kánkán àárín gbùngbùn ojú ńlá, 85 mm sí ibi tí ojú kékeré wà gan-an. Micron 9 nínú 30 mm ti di 25 àti ààbọ̀ nínú 85. Kò sí irin níbẹ̀! Afẹ́fẹ́ ló wọ̀n! Afẹ́fẹ́ ni wọ́n torí ẹ̀ kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀!

Ọdún 2010 ni ISO 14405-1, ìlànà àgbáyé lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sórí àwòrán, ti jáde, wọ́n tún un ṣe ní 2016. Ó sọ ọ́ kedere pé tí àwòrán ò bá kọ nǹkan mìíràn, láti ojúàmì kan sí èyí tó dojú kọ ọ́ ni kí ẹ wọn irú ìwọ̀n yìí, bí maikirómítà ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ ti ojú tí kọ̀ǹpútà fi ìṣirò tẹ́, àmì GG wà tí wọ́n ń kọ sínú àkámọ́ fún un. Wọn ò kọ ọ́ sórí àwòrán wa. Kí ló dé tí bọ́tìnnì tó sún mọ́ ọwọ́ jù kì í ṣe ohun tí òfin ní ká ṣe? Mo pe àwọn tó ń ta sọ́fítíwìà náà. Ọmọ tó gbé fóònù ní bó ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́ nìyẹn. Owó ńlá la ń san lọ́dọọdún láti gbọ́ bẹ́ẹ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya àwòrán náà, ọrùn yín ò mọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà, ẹ fà á láàárín ojú méjì, ẹ lọ sílé. Àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé alumíníọ́mù gbígbóná wọ yàrá ìwọn tó yẹ kó wà ní ìwọ̀n 20 lórí Celsius! Tí èyí tó gùn tó 200 mm bá fi ìwọ̀n 10 gbóná jù, ó ti fi micron 46 gùn sí i. Ẹ sì máa ń ní ká yára.

Nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn àmì ni ìwé CMM yẹn máa ń tẹ̀, bí ẹni tó mọ òótọ́. Kò sọ ojú tó fi ṣe ìpìlẹ̀. Kò sọ ibi tó ti wọ̀n. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀! Ìlà kan ṣoṣo ni! Tẹ́ ẹ ò bá lè kọ ọ́, ẹ má tẹ nọ́ńbà kankan jáde fún wa mọ́.

Kí ẹ sì yọ orúkọ ẹ̀gbọ́n kúrò nínú ìwé tí ọ̀gá kọ ọ́ sí. Lónìí.