Ìsinmi gígùn kò ní mú kí ọmọ yín gbàgbé ìwé bí ẹ kò bá tilẹ̀ lówó lẹ́sìn

Bí oṣù keje bá ti ń parí lọ, tí ilé ìwé fẹ́ gba ìsinmi gígùn, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn òbí n'Ìbàdàn, láti Mọ́níyà títí dé Ọjà Ọba: èló ni wọ́n ń gba sọ́mà lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún àsìkò ìsinmi, lọ́dún yìí? Ìgbàgbọ́ kan ló wà nídìí ìbéèrè yìí. Wọ́n ní ọmọ tí wọn kò bá sanwó lẹ́sìn fún, tí wọn kò sì gbé lọ síbi ìgbafẹ́ olówó gọbọi, yóò gbàgbé gbogbo ohun tó kọ́, yóò sì ti di ọmọ ìta kí ilé ìwé tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn ìyá wà tí wọ́n ń kó àjọ nítorí rẹ̀. Àwọn bàbá wà tí ojú ń tì nítorí pé wọn kò rí i san. Ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, ó sì ń dun àwọn tí kò yẹ kó dùn.

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbé yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe irọ́ pátápátá o. Ní 1996, Harris Cooper àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí ohun tí ìsinmi gígùn ń ṣe sí ẹ̀kọ́ ọmọ. Wọ́n rí i pé ohun tí ọmọ ń pàdánù tó nǹkan bí ẹ̀kọ́ oṣù kan, àti pé ìṣirò ló ń sọnù jù, ó ju ìwé kíkà lọ. Ní 2019, Paul von Hippel, onímọ̀ mìíràn lọ́hùn-ún, kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ náà kò dá òun lójú mọ́, nítorí pé ọ̀nà ìdánwò ayé àtijọ́ ló mú kí àdánù náà tóbi lójú. Ìdánwò tuntun kò fi í hàn bẹ́ẹ̀. Ẹ tún rántí pé ìsinmi tiwọn gùn ju tiwa lọ. Nítorí náà, ọmọ tó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méje kò ní padà di ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B. Tí ohunkóhun bá máa jò dànù, ìṣirò ni, ìṣirò sì wà nínú eré tí a ti ní nílé tipẹ́.

Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n. Ihò méjìlá, mẹ́fà fún èmi, mẹ́fà fún ìwọ. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ọmọ tó fẹ́ ta á gbọ́dọ̀ ka ohun tó wà nínú ihò kó tó kó o, kó mọ ibi tí èyí tó kẹ́yìn yóò bọ́ sí, kó sì mọ̀ bóyá yóò di méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀, nítorí iye yẹn ni à ń jẹ. Lẹ́yìn náà, ó tún gbọ́dọ̀ ronú ohun tí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ lè fi gbẹ̀san. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, ẹ ó rí i tí yóò máa rọra kó odù, ìyẹn ọ̀pọ̀ ọmọ ayò, jọ sínú ihò kan, tí yóò ṣe bí ẹni tí kò rí i, títí àyè yóò fi ṣí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó di pàṣán mú níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rọ̀ yín pé ẹ jẹ́ ká tún un ta, ìròpọ̀ àti ìyọkúrò ló sì ń ṣe láti àárọ̀.

Ẹni tí kò ní ọpọ́n kò nílò láti ra á. Ẹ gbẹ́ ihò méjìlá sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́. Tó bá jẹ́ ilé onísìmẹ́ńtì ni, kíréètì ẹyin tí ẹ fẹ́ jù nù ní ojú ọgbọ̀n. Ẹ gé ìlà méjì tó ní ojú mẹ́fà-mẹ́fà lára rẹ̀, ọpọ́n dé. Bí bàbá àgbà bá wà nítòsí, òun ni kí ó kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló wà nílé tí kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan láti ọjọ́ yìí wá.

Àwọn kan á ní ayò dára, ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wọ takisí Micra lọ sí Mápó. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn tó wà lórí òkè yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka àwọn òpó ńláńlá iwájú rẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí Òkè Ààrẹ níbi tí Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga tí wọ́n kọ́ ní 1936, wà. Ẹ bi wọ́n pé ọdún mélòó ló wà láàárín méjèèjì. Kí wọ́n ka àtẹ̀gùn tó ń yí po nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, kí ẹ̀yin náà kà á, kí ẹ wò ó bóyá iye yín bára mu. Tí ẹ bá dé òkè rẹ̀, ẹ fojú wá Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó parí ní 1965.

Ẹ má sì sọ̀ kalẹ̀ láìsọ ìtàn rẹ̀ fún èyí tó ti dàgbà díẹ̀. Ìrántí Captain Bower ni Láyípo, òyìnbó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi ṣe olórí wọn n'Ìbàdàn ní 1893. Ọkùnrin yẹn kan náà ló fi ìbọn ńlá kọlu ìlú Ọ̀yọ́ ní 1895. Ẹ bi ọmọ pé ṣé ó yẹ ká fi irú ilé bẹ́ẹ̀ rántí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì jókòó gbọ́ èsì rẹ̀ dópin. Mi ò tíì rí ilé lẹ́sìn tí wọ́n ti ń bi ọmọ ní irú ìbéèrè yẹn.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni agbára yín ká láti sanwó ìwọlé, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ni kí ẹ fi ṣe. Kí wọ́n mú ìwé àti pẹ́ńsùlù dání, kí oníkálukú ya ẹranko kan wálé.

Nínú ilé, àlọ́ kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí iná bá lọ, ẹ pa èyí fún wọn: òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Ẹ má sọ ìtumọ̀ rẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi jà títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá pè wọ́n sí ìdí ààrò nígbà tí omi àmàlà bá ń hó, tí ẹ fẹ́ ki ọmọrogùn bọ inú ìkòkò.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yìí bojú ṣe. Kí ọmọ bá yín lọ sí ọjà Bódìjà, kó dúnàádúrà ata, kó ka ṣéńjì, ẹ̀kọ́ gidi ni. Kí ẹ gbé igbá lé e lórí kó máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀ ní títì, ìyẹn kì í ṣe ìsinmi. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti sinmi àti láti ṣeré, ó sì ka ìkiri ọjà lójú títì léèwọ̀ fún un. Ẹ tún ṣọ́ omi. Àkúnya Ògùnpa tó pa èèyàn púpọ̀, 31 oṣù kẹjọ 1980 ló ṣẹlẹ̀, àárín ìsinmi gan-an. Bí òjò bá ti rọ̀, kí ọmọ kankan má ṣeré lẹ́bàá odò tàbí gọ́tà ńlá.

Ó ku ìdí kan tí ọ̀pọ̀ fi ń san owó lẹ́sìn tí wọn kì í sọ síta: bàbá wà níbi iṣẹ́, ìyá wà ní ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó máa bójú tó ọmọ. Ìdí gidi nìyẹn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá èyí tó ní pápá, tó sì ń jẹ́ kí wọ́n ṣeré, ẹ má wo èyí tó ń pariwo ìwé jù. Ẹni tí kò bá sì rí i san, kó bá àwọn ará ilé tó fọkàn tán nínú kọ́ńpáńdì sọ̀rọ̀. Ìyá mẹ́rin tàbí márùn-ún lè pín ọjọ́ láàárín ara wọn: ẹni tí ọjọ́ bá kàn dúró sílé, ó se oúnjẹ, àwọn yòókù fi ìrẹsì àti epo ránṣẹ́ láàárọ̀, gbogbo ọmọ sì péjọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí ọjà yóò fi tú.